"Yes Ma" Kì í Ṣe "Mo Jẹ̀bi"

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

   

Ìgbìmọ̀ ní kí àwa akọ̀wé yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí nǹkan tó ń dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́. A rò ó títí. Ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀nà tó bàjẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ilé fún òyìnbó la mú. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ èèyàn díẹ̀ ni. Ẹ wo ọ̀tún yín, ẹ wo òsì yín. Ìyá alátà tó ń pàtẹ ní Ìkòtún lálẹ́, Ìkòyí ló ti ń bọ̀ látàárọ̀. Ìyàwó ọmọ wa tó ń gbé ní Ìgándò, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń fọ ilé ní Victoria Island. Ẹlòmíì láti Ẹ̀gbẹ́dá, Lẹ́kí ló ń lọ. Owó yẹn ni wọ́n fi ń dá àjọ, òun ni wọ́n fi ń san ẹ̀yáwó ẹgbẹ́. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, àpò ẹgbẹ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Bí a bá sì pe òyìnbó níbí, gbogbo àlejò tó ti ìlú òkèèrè wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó la ní lọ́kàn: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, ará Lẹ́bánónì, ará Íńdíà, ará Ṣáínà. Àwọ̀ kọ́ là ń sọ. Àìgbọ́ra-ẹni-yé là ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó síbí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, ṣùgbọ́n a ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ilé tó ti ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú ilé tọkọtaya kan. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé yẹn mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ ẹbí wọn lọ. Lọ́jọ́ kan, aago ọwọ́ ìyáàfin di àwátì. Ìyáàfin pè é, ó ní, "You didn't see my watch?" Ó dáhùn pé, "Yes ma." Ìyáàfin tún ní, "You didn't take it?" Ó tún ní, "Yes ma." Nígbà tó rí i pé ojú obìnrin náà ti yí padà, ó wolẹ̀, kò wo ojú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Sorry ma, sorry ma."

Ẹ̀yin èèyàn wa, èwo ló ṣe níbẹ̀ tí kò dáa? Bí wọ́n bá bi wá pé, "O ò rí aago mi?" ṣebí ohun tí a máa sọ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò rí i." "Bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ń gbè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ: bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí, n kò rí i. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, "yes" lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé mo rí i, mo mú un.

"Sorry" ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ nínú ọjà, ẹni mẹ́wàá ló máa sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó fi òkúta sójú ọ̀nà. À ń bá a kẹ́dùn ni. A wá mú "ẹ pẹ̀lẹ́" yẹn, a sọ ọ́ di "sorry." Létí òyìnbó tí nǹkan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù, ẹni tó jẹ̀bi ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ti ojú ló kẹ́yìn. Ọmọ tí àgbà ń bá wí tó ń wo àgbà lójú ràn-ìn, kí là ń pè é? Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn, ní tiwọn, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọmọ pé, "Wò mí lójú kó o sọ òótọ́." Ẹni tó bá gbójú sá, wọ́n gbà pé irọ́ ló ń pa.

Ẹ ò rí i? Ẹ̀kọ́ ilé mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà ló di ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó ta kò ó. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tó dé ẹnu géètì, àwọn síkiúrítì tú báàgì rẹ̀, wọ́n bá ṣẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀ tí ìyáàfin yìí kan náà fún ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ pé wọ́n fún un. Ló bá di olè ẹ̀ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n rí aago. Inú báàgì tí ọkọ gbé lọ sí ìrìn-àjò ló wà. Ìyáàfin pè é lórí fóònù, ó sunkún, ó ní "sorry." Sorry ti ẹni tó jẹ̀bi nìyẹn. Ó ní kó padà wá. Kò padà. Ó ní òun ò lè gba ẹnu géètì yẹn kọjá mọ́.

Ibi tó dun àwa jù lọ la fẹ́ dé yìí. Nígbà tí ìròyìn náà dé Ìkòtún, kí la sọ? Àwọn kan nínú wa ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Ó ṣẹ́kù ẹ̀yáwó 120,000 náírà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjì ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ló san oṣù méjì fún un, inú wọn ò sì dùn. Oṣù mẹ́ta kò wá sípàdé. Àwa akọ̀wé tí ẹ ń wò yìí, ìwé ìkìlọ̀ gbèsè la kọ́kọ́ kọ sí i, ká tó ronú pé ó yẹ ká lọ bá a nílé ká bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Òyìnbó ò gbọ́ èdè rẹ̀, ìyẹn ní àwíjàre. Àwa tí a jọ ń sọ èdè kan náà ńkọ́? A bẹ̀ ẹ́ nínú ilé rẹ̀. A tún ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín lónìí. Ìyá wa, ẹ foríjì wá.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, kó má tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

A ó kọ́kọ́ mú ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí a bá fẹ́ sáré jáde ra nǹkan, a máa ń ní, "Mò ń bọ̀." A sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì: "I'm coming." Òyìnbó gbọ́ pé à ń bọ̀, ẹ̀yìn wa ló sì ń rí! Ó dúró títí, ó ní à ń fi òun ṣẹ̀sín. Bí a bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ara wọn á bù máṣọ, wọ́n á ní ká dìde. A ó rò pé wọ́n kọ ìkíni wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ló ń tì wọ́n pé àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá kọjá lára wa láìkí wa, a ó ní wọ́n ń bínú. Rárá o. Ọ̀pọ̀ wọn, bí iṣẹ́ bá wà lọ́kàn wọn, wọn kì í kí ọkọ wọn pàápàá. Ẹlòmíì á fi ọwọ́ òsì na owó sí wa. Ní tiwa, àbùkù ni. Ará Íńdíà mọ ìyẹn, torí àwọn náà kì í fi òsì jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún àti òsì ò yàtọ̀, ẹlòmíì nínú wọn òsì ló fi ń kọ̀wé. Ẹ gba owó yín, ẹ má fajú ro.

Ti orúkọ tún wà níbẹ̀. Ìyáàfin á ní ká máa pe òun lórúkọ. Ẹnu wa ò gbà á, a ó máa sọ pé "Madam." Òun náà á wá máa pe ìyá ọlọ́mọ márùn-ún lórúkọ ṣákálá, inú wa á ru. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Ìkòyí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó ìjọba. Ilé ńlá á wà níwájú, yàrá àwọn òṣìṣẹ́ á wà lẹ́yìn, ohun tí à ń pè ní BQ títí dòní. Boys' Quarters ni. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn: kúkù, sítúwọ̀dù, oníṣẹ́ ọgbà. Bàbá tó ti ní ìyàwó àti ọmọ nílé, "boy" ni wọ́n ń pè é. Ohun àtijọ́ yẹn wà nínú ara wa, òun ló ń dùn wá. Ẹni tó pè wá lórúkọ lónìí lè má mọ ìtàn yẹn rárá. Ó lè rò pé òun ń fi wá ṣe ọ̀rẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pè yín ní Mama Ṣadé, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n á gbà.

Ti nǹkan ilé ló tẹ̀ lé e. Àwa tí a ń ta ọṣẹ àti omi ìfọlé ní Ìkòtún mọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ wa kan bá páànù ìdínyin dúdú kan nínú ilé ìdáná. Ó ní ìdọ̀tí ni. Ó fi kànrìnkàn onírin ha á títí tó fi funfun, ó sì gbé e síbi tí ìyáàfin á ti rí i, kí wọ́n lè yìn ín. Non-stick ni páànù yẹn, dúdú yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á! Ẹlòmíì da omi sórí ilẹ̀ onípákó bí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì, pákó wú. Ẹlòmíì fi omi gbígbóná fọ súwẹ́tà onírun àgùntàn, ó sún kì di ti ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fa gbogbo èyí. Iṣẹ́ àṣekára lórí ohun tí wọn kò fi hàn wá ni. Ẹ béèrè. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.

Èyí tó lè pa èèyàn rèé o, ẹ fetí sí i. Ẹ má da Jik tàbí Hypo pọ̀ mọ́ omi ìfọ-tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tó ní amóníà. Ẹ má rò pé bí méjèèjì bá pàdé, agbára wọn á di méjì. Èéfín olóró ló máa jáde, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú ilé ìwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Nínú ilé òyìnbó, kóró ìwé tó wà lára ìgò lè jẹ́ Faransé tàbí Lárúbáwá. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ má fi dánra wò. Ọ̀kan lẹ fi máa fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣàn án nù, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Ìdáná tún ní tirẹ̀. Àwọn ará Íńdíà kan wà tí ẹran àti ẹja kì í wọ ìkòkò wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ ka iná nínú ìkòkò wọn, kó kàn lè móoru. Wọ́n kó gbogbo ìkòkò náà dànù. Òun rò pé ìgbéraga ni, pé wọ́n kórìíra oúnjẹ wa. Àwa tí a mọ èèwọ̀, ṣé kò yẹ kó yé wa? Idile wo nínú wa ni kò ní ohun tí wọn kì í jẹ?

Ti ohun tí wọ́n dà sínú garawa ìdọ̀tí náà ńkọ́? Ní tiwa, ohun tó ti di dídànù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní tiwọn, ìwé kan lè wà níbẹ̀ tó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó mú un. Yàrá náà rí bẹ́ẹ̀. Nílé wa, "Àgò onílé o" là ń ké ká tó wọlé. Kíkan ilẹ̀kùn ni àgò tiwọn. Ẹ kàn án, ẹ dúró, kẹ́ ẹ gbọ́ ìdáhùn.

Ó wá ku ti owó àti àkókò. Òyìnbó tó ń gbé Ìkòyí kò mọ ibi tí Ìkòtún wà. Kò mọ̀ pé aago mẹ́rin ìdájí la ti jáde nílé, láti Ìkòtún dé Sẹ́lẹ́, láti Sẹ́lẹ́ dé CMS tàbí Ọbáléndé, ká tó tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá gba Máìlì Tú lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ sí Màrínà ní oṣù kẹsàn-án 2023, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Máìlì Tú ná. Bí a bá pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú, ó ní a ò ka iṣẹ́ sí. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè lójijì. Ọ̀pọ̀ nínú wa dákẹ́, a ń retí pé kí ọ̀gá fi ojú inú rí i. Ọ̀gá kò rí i. Mọ́tò rẹ̀ ló ń wọ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ra epo sí i. A bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro, ó ní a ti yí padà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ṣé bí a ṣe ń tajà nìyẹn? Ta ló ń wọn gàrí fún oníbàárà kó tó dá iye? A ó ná an, a ó gbà, ká tó wọ̀n ọ́n. Ẹnu tí a fi ń nájà ní Ìkòtún, kí ló dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ sílé tí a bá ń lọ Ìkòyí? Ẹ sọ iye owó ọkọ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má rò pé òfin á sọ ọ́ fún wa. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tí ìjọba àpapọ̀ gbé dé 70,000 náírà ní 2024, kò de ibi tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Labour Act ilẹ̀ wa fún mínísítà lágbára láti ṣe ìlànà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n bó ṣe túmọ̀ "òṣìṣẹ́" yọ ẹni tí wọn kò gbà fún òwò ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, fẹnu kò lórí ìwé àdéhùn 189 ní Geneva ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 2011. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ ilé mọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ lọ́nà tó máa yé e, tó bá sì ṣeé ṣe, kó wà lákọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ẹ jẹ́ kí àwa fúnra wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe nìyí:

1. Ẹ má fi "yes" tàbí "no" nìkan dáhùn. Ẹ sọ ọ́ tán: "I did not see it, ma."

2. Bí nǹkan bá sọnù, ẹ lè bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ so ó mọ́ òótọ́: "Sorry that it is lost. I did not take it. Let us look for it together." Ẹ gbójú sókè díẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ìyá yín ò ní bínú.

3. Bí nǹkan bá fọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí a fi pamọ́ ló ń di olè.

4. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ lọ, aago tí ẹ dé, owó tí wọ́n san. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó gbé e dé géètì.

5. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ, kó wá bá àwa akọ̀wé. A ó bá a kọ lẹ́tà lórí ìwé ẹgbẹ́, a ó sì sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ìwà rẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, a máa gbé àbá kan wá sípàdé gbogbogbòò: ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀ ká tó kọ ìwé gbèsè, ká sì dá sísan ẹ̀yáwó rẹ̀ dúró fún oṣù méjì. Àwọn onídùúró, ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó dìbò.

Ó ku ẹyọ kan, ká tó jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín òyìnbó látàárọ̀, ta ló ń gbálẹ̀ nílé yín báyìí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọbìnrin tó wá láti Kútọnu tàbí Tógò tàbí abúlé kan lókè. Òun náà ní èdè tirẹ̀. Òun náà ń bẹ̀rù. Nígbà tí owó bá dín nínú àpò ìtajà, ta la máa kọ́kọ́ bi? Báwo la ṣe máa bi í? Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé ni, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbà wọlé ní 2007, kò fọwọ́ sí i pé ká mú ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rárá. Àgbàlagbà tí a bá gbà, ká dá owó rẹ̀ fún un, ká sì gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ ká tó dájọ́. Lójú rẹ̀, àwa ni òyìnbó.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyẹ̀dún. Ọjà á tà, àwìn kò ní pọ̀, ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́. Bí a ṣe pé lónìí, a ó tún pé lẹ́ẹ̀míì láṣẹ Ọlọ́run.